Káàdì Mẹ́fà Alága Ìfẹ́dọlá

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọlọ́gbọ́n ayé ti ń bá fà á láti ìwáṣẹ̀ tí wọn ò tíì rí ìdí rẹ̀. Kí ló dé tí òjò fi máa ń rọ̀ sóko aládùúgbò, tí yóò sì yà bàrà tó bá kan tẹni? Kí ló dé tí ẹni tó ń sùn nínú ìpàdé ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé oúnjẹ ti dé? Ọ̀rọ̀ tí mo gbé dé yìí wà lára wọn. Ní Ìwéré-Ilé, lọ́dún tó kọjá, odidi ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan fi oṣù kan àbọ̀ jókòó lé e lórí: káàdì àwìn mélòó ló yẹ kí Alága ní?

Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Ìfẹ́dọlá ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ náà. Àgbẹ̀ mẹ́tàlélógójì ni wọ́n, oníkajú àti onígbágùúdá. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi jẹ oúnjẹ lábọ̀ kí wọ́n tó rówó ra katakata kan, àlòkù, tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí débi pé kò sẹ́ni tó lè búra bóyá pupa ni tẹ́lẹ̀ tàbí búlúù. Ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Ràmọ́nì ló ń wà á. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé lọ́dọọdún, ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á ti san owó iye éékà tí wọn yóò bá a kọ, orúkọ á wọ ìwé, katakata á sì máa gba oko kan bọ́ sí òmíràn. Ẹni tí òjò bá dé bá láìkọ ilẹ̀, kó yáa gbé ọkọ́ lọ́wọ́ kó máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.

Alága ẹgbẹ́ náà ni Olóyè Mákánjúọlá Adégbénró. Mákánjúọlá ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Bàbá náà ti ṣe ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ ká. Ọgbọ̀n ọdún ni Olóyè fi ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé ní ọ́fíìsì ìjọba. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò gbà pé iṣẹ́ ti tán. Títí di òní, tó bá ń sọ̀rọ̀, yóò máa gbé ìkúùkù sókè, yóò sì máa lù ú mọ́ tábìlì ní òpin gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí i, ẹ gbọ́dọ̀ pè é ní Olóyè Alàgbà Alága Àgbà Mákánjúọlá Adégbénró, Ọ̀gá Òṣìṣẹ́ Tó Fẹ̀yìn Tì Tẹ̀yẹ-tẹ̀yẹ, Baba Ìsàlẹ̀ Àwọn Ọlọ́kadà, Òpómúléró Ìlọsíwájú. Lẹ́tà tó bá fo ọ̀kan nínú rẹ̀, kò ní kà á. Ìyàwó rẹ̀ ti kọ ọ́ sára ògiri ilé ìdáná kó má bàa ṣìnà.

Akọ̀wé ẹgbẹ́, Ṣùkúrù, ni ẹni tó mọ̀ ọ́n yìn jù. Gbogbo ohun tí Alága bá ṣe nípàdé ló máa ń kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀. Mo ti fojú ara mi rí ìwé náà. Ó wà níbẹ̀ pé: “Alága wọlé, ilé dìde. Alága húkọ́, ilé pàtẹ́wọ́. Alága sín. Ọmọ ẹgbẹ́ kan dá a lábàá pé kí a gba sísín náà wọlé, ẹnìkejì kín in lẹ́yìn.”

Ìyẹn ni bí nǹkan ṣe rí lọ́jọ́ Sátidé tí ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Favour ti báǹkì Ìsẹ́yìn wá bá wọn. Inú kíláàsì àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣèpàdé, lórí bẹ́ǹṣì tó jẹ́ pé tí àgbàlagbà bá jókòó sórí rẹ̀, orúnkún rẹ̀ á bá àgbọ̀n rẹ̀ dọ́gba. Favour ṣàlàyé pé báǹkì lè fún ẹgbẹ́ ní káàdì àwìn. Tí dísẹ́ẹ̀lì katakata bá tán láàárín oko, wọn yóò fi ra dísẹ́ẹ̀lì, wọn yóò sì dá owó padà kí ọjọ́ márùndínláàádọ́ta tó pé. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, èlé bẹ̀rẹ̀. Ìwé katakata ni wọn yóò fi dógò. Bí gbèsè bá pẹ́ jù, báǹkì á wá gbé katakata lọ.

Ó ní, “Ẹ kàn sọ iye tí ẹ bá fẹ́ fún mi, bàbá. Ẹyọ kan ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń gbà.”

Akápò wọn dìde. Àmọ̀kẹ́ lorúkọ rẹ̀, Ìyá Débọ́lá ni gbogbo ìlú ń pè é. Opó ni. Ó ti san owó éékà mẹ́fà, ó ti fi gbogbo ohun tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ra igi gbágùúdá, ó dì wọ́n ní ìdì-ìdì sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé rẹ̀. Igi gbágùúdá kì í dúró de ènìyàn títí. Bí wọn ò bá tètè kọ ilẹ̀ náà kí òjò tó rinlẹ̀, gbogbo rẹ̀ á gbẹ, á di igi ìdáná. Nítorí náà ọ̀rọ̀ katakata kì í ṣe ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó ní, “Àwìn ni, ẹ̀yin ará, kì í ṣe sàráà. Ẹyọ kan tó wa. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ti dísẹ́ẹ̀lì nìkan.”

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibẹ̀ ló yẹ kí ìtàn yìí parí sí, kí n sì lọ jẹun. Ṣùgbọ́n Alága ti gbé ìkúùkù sókè.

“Ẹyọ kan,” ni Alága wí, ó sì lu tábìlì. “Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ ká ro ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni tó lọ sílé-ìwé. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, bàtà kan ṣoṣo ni mo ní, wọ́n fi ń ṣe mí yẹ̀yẹ́. Ohun tó bá jẹ́ ẹyọ kan, òṣì ló ń pariwo. Bí gbogbo alága Òkè-Ògùn bá pàdé ní Ṣakí, tí oníkálukú yọ káàdì, tí èmi Òpómúléró wá yọ ẹyọ kan, ojú ta ni yóò tì? Ojú mi kọ́. Ojú yín ni. Èmi ò sì ní jẹ́ kí ojú tì yín, nítorí mo fẹ́ràn yín ju bí ẹ ṣe fẹ́ràn ara yín lọ.”

Ilé pàtẹ́wọ́. Ṣùkúrù kọ ọ́ sílẹ̀ pé omijé bọ́ lójú àwọn kan. Òótọ́ ni, èéfín igbó tí wọ́n ń jó lẹ́yìn kíláàsì ló fà á.

Ọjọ́ náà ni wọ́n gbé Ìgbìmọ̀ Olùwádìí Lórí Iye Káàdì kalẹ̀. Alága ni alága rẹ̀. Ṣùkúrù ni akọ̀wé rẹ̀. Wọ́n fi àyè ẹnìkẹta sílẹ̀ ní òfìfo fún ìmísí. Ìgbìmọ̀ yìí ní òun ò lè ronú ní Ìwéré-Ilé nítorí ariwo ewúrẹ́, ó sì lọ fi ọjọ́ mẹ́rin ronú ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ṣakí. Owó dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ronú.

Nígbà tí wọ́n dé, àbọ̀ ìwádìí náà jẹ́ ojú ewé mọ́kànlélógójì. Fọ́tò Alága wà nínú mẹ́tàdínlógójì. Nínú mẹ́rin tó kù ni ọgbọ́n wà. Ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ rò ó sí káàdì márùn-ún. Ṣùgbọ́n bí Alága ṣe ń jẹun lọ́wọ́ ní òtẹ́ẹ̀lì, ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀, ó rí i pé ìka márùn-ún ló wà níbẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ọmọdé kan lè fi ọwọ́ kan ka káàdì òun tán, kó sì tún máa fi èkejì jẹ mọ́ínmọ́ín. Ohun tí ọmọdé lè fi ọwọ́ kan kà tán kò yẹ olóyè. Ló bá di mẹ́fà.

Ìyá Débọ́lá bèèrè ìdí tí kò fi jẹ́ méje. Ó kàn fẹ́ mọ ibi tí ọgbọ́n náà jìn dé ni.

Alága ní méje ti di àṣejù.

Wọ́n ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì ọmọdé fún wákàtí mẹ́rin nígbà yẹn, ìdí ti kú mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn lára. Wọ́n nawọ́ sókè. Ràmọ́nì sọ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà pé òun nawọ́ nítorí òun rò pé wọ́n ń bèèrè ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀.

Káàdì àkọ́kọ́ ti ọ̀dọ̀ Favour wá. Ìyá Débọ́lá ló kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀, nítorí òun ni akápò. Wọ́n fi ojúlówó ìwé katakata sílẹ̀ ní báǹkì. Márùn-ún yòókù, Alága fúnra rẹ̀ ló lọ wá wọn rí láwọn báǹkì mìíràn ní Ìsẹ́yìn àti ní Ṣakí. Ó ní kí akápò má ṣe wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú. Ó ti ṣe fótókọ́pì ìwé katakata ní ọ̀nà márùn-ún tẹ́lẹ̀, ó sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan dógò níbi márùn-ún. Wọ́n máa ń sọ pé ní báǹkì, wọ́n ń yẹ ìwé wò dáadáa. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Bóyá iná ò sí lọ́jọ́ náà.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ṣe ìfilọ́lẹ̀ káàdì. Alága fi wọ́n sínú ọ̀rá tó ń hàn kedere, ó gbé wọn kọ́ ọrùn lórí agbádá, ó sì fi oyè dá wọn lọ́lá: èyí ni Ọ̀tún, èyí ni Òsì, èyí ni Balógun, títí tí ó fi kan Ẹ̀kẹrin, Ẹ̀karùn-ún àti Àrẹ̀mọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ka orúkọ káàdì mọ́ orúkọ àwọn tó wá sípàdé. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ Ṣùkúrù pé: “Káàdì Balógun tọrọ gáfárà pé òun ò ní lè wá, ó ṣì wà lọ́wọ́ oní-POS ní Ìlerò.”

Wọ́n ṣiṣẹ́, àwọn káàdì wọ̀nyẹn. Wọ́n ra àga aláwọ tó ń yí. Lọ́jọ́ tí Alága kọ́kọ́ jókòó sórí rẹ̀, ó yí i jù, ó sì kọjú sí pátákó ìkọ̀wé. Nítorí pé ó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kò yẹ kó dá a dúró. Ó bá pátákó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, ilé sì ń pàtẹ́wọ́ fún ìpàkọ́ rẹ̀. Wọ́n ra fìríìjì fún ọ́fíìsì ẹgbẹ́, níbi tí wọn ò ti rí iná mànàmáná láti ìgbà ọdún iléyá. Alága ní kí wọ́n máa kó fáìlì sínú rẹ̀ kí àṣírí má bàa bàjẹ́. Wọ́n ra àtíbàbà tí fọ́tò Alága wà ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹni tó bá ń sá fún ọ̀kan lè bá òmíràn pàdé. Nígbà tí Ràmọ́nì bèèrè dísẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní ó wà lórí àtòjọ. Òótọ́ ni. Nọ́ńbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ọjọ́ márùndínláàádọ́ta pé. Fóònù Alága bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Báǹkì ń bèèrè owó tí Ọ̀tún jẹ. Ẹlòmíràn ì bá bẹ̀rù, ṣùgbọ́n Òpómúléró kì í bẹ̀rù. Ó pe ìpàdé. Ọ̀rọ̀ tó sọ níbẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ tí gbogbo ilé fetí sí láìsí ẹni tó ń tòògbé, nítorí ohun tí wọ́n mọ̀ láti kékeré ló fi ṣe àkàwé.

Ó ní, “Ta ni kò mọ àáró níbí? Lónìí, gbogbo wa ro oko Lágbájá. Lọ́la, Lágbájá tẹ̀lé wa lọ sóko Tàmẹ̀dò. Kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀, oko gbogbo sì mọ́. Èmi ti dá ẹgbẹ́ àáró sílẹ̀ láàárín káàdì mi. Òsì yóò san gbèsè Ọ̀tún. Balógun yóò san ti Òsì. Ẹ̀kẹrin yóò san ti Balógun. Bó ṣe ń yí nìyẹn títí ayé. Àwọn òyìnbó tó ṣe káàdì, wọn ò mọ àáró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ gbèsè.”

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà orí bẹ́ǹṣì ń mi orí. Àáró kò já bàbá wọn kulẹ̀ rí, kò sì já àwọn náà kulẹ̀. Ràmọ́nì nìkan ló dìde, tọwọ́ rẹ̀ dúdú fún epo ẹ́ńjìnnì.

Ó ní, “Bàbá Alága, ẹ má bínú. Nínú àáró, ẹni tó bá wá á gbé ọkọ́ dání. Èwo nínú àwọn káàdì yìí ló ní apá?”

Ṣùkúrù sáré pàtẹ́wọ́, ilé bá a pa á. Wọ́n bu owó ìtanràn ẹgbẹ̀rún méjì náírà lé Ràmọ́nì fún bíbéèrè ìbéèrè tó ní ìdáhùn.

Àáró náà yí lóòótọ́. Ó yí dé orí Àrẹ̀mọ. Àrẹ̀mọ kò rí ẹni tí yóò wá ro tirẹ̀, nítorí wọ́n ti tún ná Ọ̀tún kún dé ẹnu, kò gba kọ́bọ̀ mọ́. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń yí bẹ́ẹ̀, èlé kò bá wọn lọ sí oko ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sílé, ó ń sanra.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù Ẹrẹ́nà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọjọ́ ọjà, ọkọ̀ mẹ́ta wọ Ìwéré-Ilé láti ọ̀dọ̀ báǹkì mẹ́ta. Favour wà nínú ọ̀kan. Àwọn ọkùnrin olókùn-ọrùn méjì, tó so táì mọ́rùn, wà nínú èjì yòókù. Gbogbo wọn dúró yí katakata ká, oníkálukú ní tòun ni. Àwọn olókùn-ọrùn fi fótókọ́pì júwe fún ara wọn títí, ọ̀kan ní tòun mọ́ jù, èkejì ní tòun ní àwọ̀. Àwọn ará ọjà fi ọjà sílẹ̀. Ìyá Débọ́lá ti ọ̀nà oko bọ̀, ó ti lọ wo ilẹ̀ rẹ̀ bó ṣe rọ̀ wọ̀ọ̀, ó sì mọ̀ pé bí katakata bá kọjá odò lọ sí Ìsẹ́yìn lónìí, igi gbágùúdá òun ti di igi ìdáná nìyẹn.

Alága ti ní kí wọ́n gbé àga òun jáde. Ó jókòó, ó ń yí sọ́dọ̀ báǹkì kọ̀ọ̀kan bó bá ṣe kàn án, ó ń kí wọn káàbọ̀ sí ìlú òun.

Ìyá Débọ́lá kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní kí Favour fi fọ́ọ̀mù tirẹ̀ han òun. Ó wo ibi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ẹni tó yáwó: Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Ìfẹ́dọlá, ní ọwọ́ ìkọ̀wé tòun gan-an. Ó ní kí àwọn olókùn-ọrùn náà mú tiwọn wá. Ó wò ó. Ó tún un wò. Ó gbé e súnmọ́ ojú.

Ojú ìlà kan ṣoṣo ni báǹkì fi sílẹ̀ fún orúkọ. Alága ti bẹ̀rẹ̀ láti Olóyè Alàgbà, ó ti gba ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Òṣìṣẹ́ kọjá, ìlà tán, ó gun etí ìwé, ó yí po, ó sì fi Òpómúléró Ìlọsíwájú sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tò mọ́. Kò sí ibi tí orúkọ ẹgbẹ́ ì bá ti gbà wọlé.

Ọ̀kan nínú àwọn olókùn-ọrùn bi Alága léèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bóyá òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ ní tòótọ́, torí báǹkì fẹ́ mọ ẹni tó jẹ gbèsè. Ẹ̀yin ará, ọ̀nà àbáyọ nìyí, ó fẹ̀ bí ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Ó lè ní akọ̀wé ló kọ ọ́. Ó lè ní ojú òun ń dùn òun. Àní ó lè dákẹ́.

Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ta ni ì bá tún mọ gbogbo oyè yẹn kọ?”

Ìyá Débọ́lá yíjú sí àwọn méjèèjì. “Ẹ ti gbọ́. Kò sí Ìfẹ́dọlá nínú ìwé yín. Ẹni tó yáwó ló jókòó síwájú yín yẹn, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́.” Lẹ́yìn náà ló yí sí Favour. “Ọmọ mi, tìrẹ nìkan ni ẹgbẹ́ jẹ. Eélòó ni?”

Favour ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà, tèlé-tèlé. Ó ní òun lè dúró di ọjọ́ Ẹtì, bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ òun náà ń lọ nìyẹn. Wọ́n ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ sílé, ó gbé rọ́bà kajú kan tàbí méjì jáde nínú èyí tó ti sá. Fàtímọ̀, tó ń ra kajú láti Ìlerò, ló wọ̀n ọ́n lójú gbogbo ayé. Ó ku díẹ̀ kó pé. Ṣùkúrù tú ewúrẹ́ rẹ̀ kan, ó fi kún un, kò sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n san án. Ìwé katakata padà wálé.

Ìpàdé tí wọ́n fi yọ Alága kò ju ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ kúrú: “Alága tọrọ ààyè láti sọ̀rọ̀. A fún un. Ó sọ̀rọ̀. Ilé dákẹ́.” Wọ́n fi Ìyá Débọ́lá jókòó sípò rẹ̀, ó sì tún béèrè ìbéèrè àtijọ́ náà: káàdì mélòó? Àwọn kan ní kò sí èyí tí àwọn tún fẹ́ fojú rí. Ràmọ́nì ní ẹ jọ̀ọ́, lọ́dún ìjẹta dísẹ́ẹ̀lì tán sóun lọ́wọ́ ní oko Ilùà, òun fi ẹsẹ̀ rìn wálé nínú oòrùn. Wọ́n fi í sí ẹyọ kan, dísẹ́ẹ̀lì nìkan, ẹni méjì á máa fọwọ́ sí i. Kí ènìyàn tó bó ọsàn kan tán, wọ́n ti parí ẹ̀. Wọ́n sì dá ẹgbẹ̀rún méjì Ràmọ́nì padà fún un.

Àwọn báǹkì yòókù kò fi Òpómúléró sílẹ̀. Márààrún pé sí i lórí. Orúkọ náà gùn nínú gbogbo ìwé wọn. Àga tó ń yí lọ, àtíbàbà lọ, wọ́n kó fáìlì jáde, fìríìjì náà lọ. Kò tó. Níkẹyìn ó fi oko kajú rẹ̀, éékà méjìlá, dógò lọ́dọ̀ Fàtímọ̀: ọdún mẹ́ta gbáko, Fàtímọ̀ ni yóò máa kórè rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, katakata ń dún ní ilẹ̀ Ìyá Débọ́lá, ó ń lọ ó ń bọ̀, àwọn obìnrin sì ń tẹ̀lé e lẹ́yìn pẹ̀lú ìdì igi gbágùúdá lórí. Òdìkejì ọ̀nà ni oko kajú náà wà. Olóyè Mákánjúọlá wọ agbádá, ó lọ síbẹ̀. Ó ní òun wá bẹ̀ ẹ́ wò ni.

Kajú ti já sílẹ̀ lọ súà. Àwọn tó ń ṣà á ti wà níbẹ̀ láti ìdájí. Rọ́bà-rọ́bà ni Fàtímọ̀ ń sanwó fún wọn, nírọ̀lẹ́. Olóyè rìn yí wọn ká díẹ̀. Ó wo igi, ó wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló súnmọ́ Fàtímọ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní bí èèyàn bá fẹ́ ṣà á, ṣé ó lè kọ́kọ́ gba owó rọ́bà mẹ́rin ná, kó tó bẹ̀rẹ̀.

Fàtímọ̀ kò gbójú sókè kúrò níbi tó ti ń di àpò.

“Mi ò kì í sanwó ṣáájú, bàbá. Ẹ ṣà á ná.”

Olóyè wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sẹ́ni tó ń wò ó. Oòrùn ti ń mú, oníkálukú ń lé rọ́bà tirẹ̀. Ó ká apá agbádá sórí èjìká, ó gba rọ́bà kan, ó sì tẹ̀ ba mọ́lẹ̀ lábẹ́ igi tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn.